Claim mẹ́ta padà wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ta ló lè bá mi tú kóòdù ẹ̀yìn ríro yìí?

#1 Akọ́ṣẹ́_Baltimore

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi rèé ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Maryland, èmi ni mò ń kọ kóòdù àìsàn (ICD-10) sórí claim, ìwé owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì. Mo ti yege ìdánwò CPC, ti àwa akọ-kóòdù, ṣùgbọ́n ìwé kóòdù tí mo ń lò, ẹnì kan ló yá mi, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ẹni náà ní kò sí ìyàtọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, claim mẹ́ta padà wá bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ríro ni gbogbo wọn. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn to bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi, ó ní ojú òun ń wà lọ́nà di Ọjọ́rú.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ awakọ̀ tírélà, ẹni ọdún 47. Dókítà kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro ó, pé ìrora náà ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ òsì, ó wá kọ "r/o herniated disc" sí ìparí. Mo kọ M54.5 àti M51.26.

Ìkejì jẹ́ ìyá ẹni ọdún 68. MRI ti fi hàn pé dísìkì L4-L5 wọn ti ń gbó, ó ti ń jẹ tán. Dókítà kọ ọ́ pé dísìkì yẹn ló ń fa ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Mo kọ M51.36.

Ìkẹta, obìnrin kan tó ń tọ́jú arúgbó nílé. Ó gbé aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ẹ̀yìn rẹ̀ fà. Dókítà kọ "lumbar strain". Mo tún kọ M54.5.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mo ti ka ìwé títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì.

#2 OníBíllì_Atlanta

Àbúrò, M54.5 ti kú. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ló kú, a ti sin ín, a ti ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ pàápàá. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. M54.50 ni ti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tí dókítà ò sọ irú tó jẹ́. M54.51 ni èyí tó ti ara egungun ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ wá. M54.59 ni èyí tí dókítà dárúkọ irú rẹ̀ àmọ́ tí kò ní kóòdù tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìnṣọ́ránsì ò tiẹ̀ ní ka M54.5 dé ìdajì kó tó jù ú síta.

Fún awakọ̀ yẹn, kọ M54.50, fi M54.42 tì í, kí o fi ránṣẹ́. Ó parí.

#3 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

Atlanta, dúró ná, kò parí. M54.50 àti M54.42 ò gbọdọ̀ jọ jókòó lórí claim kan. Ṣí ìwé rẹ sí M54.5, wo abẹ́ rẹ̀, wàá rí Excludes1. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé orogún ni wọ́n, wọn kì í gbé yàrá kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni S39.012, iṣan ẹ̀yìn tó fà, M51.2, dísìkì tó yẹ̀ kúrò nípò, àti M54.4, tí ẹ̀yìn ríro àti sáyátíkà (ìrora tó ń gba ojú ọ̀nà nọ́ọ̀fù ńlá ẹsẹ̀) ti wà nínú rẹ̀ pọ̀. Tí o bá ti kọ M54.42, o ti sọ ẹ̀yìn, o ti sọ ẹsẹ̀ òsì. Ẹni tó tún fi M54.50 kún un dà bí ẹni tó ro ẹ̀bà tán tó wá ń bèèrè gààrí tí òun máa fi jẹ ẹ́.

Àmọ́ M51.26 ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà kọ "r/o", "rule out" nìyẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá dísìkì ló fà á ni, kò sọ pé dísìkì ni. Aláìsàn tó wá sí ọ́fíìsì dókítà tó sì padà sílé lọ́jọ́ náà, òfin ìwé wa ò jẹ́ ká kọ kóòdù ohun tí dókítà ń fura sí, ìbáà kọ "probable", ìbáà kọ "suspected", ìbáà kọ "r/o". Ohun tó dá a lójú lọ́jọ́ yẹn ni ká kọ. Tí kò bá sí, ká kọ ìrora tí aláìsàn gbé wá. (Àwọn tó ń kọ kóòdù fún aláìsàn tí wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù ní òfin tiwọn, wọ́n lè kọ ohun tí dókítà ṣì ń fura sí nígbà tí aláìsàn ń lọ sílé. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.)

Ẹni tí ọlọ́pàá ń fura sí, a kì í tíì pè é lólè. Ìwọ ti pè é. O ti sọ fún ìnṣọ́ránsì pé dísìkì ọkùnrin yẹn ti yẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ya MRI fún un. Awakọ̀ tírélà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń jẹun. Kóòdù yẹn á wà nínú fáìlì rẹ̀ pẹ́ títí lẹ́yìn tí ìwọ bá ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé, Akọ́ṣẹ́: níbo ni dókítà ti kọ "sciatica" nínú ìwé náà?

#4 Akọ́ṣẹ́_Baltimore

Kò kọ ọ́, mà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. "Radiating to left leg" nìkan ló wà níbẹ̀.

#5 OníBíllì_Atlanta

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti Excludes1, ìka mi ló yára ju ojú mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yìn ń ro ó, ìrora ń ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Kí tún ni sáyátíkà bí kò ṣe ìyẹn? Àwa gbogbo mọ̀ ọ́n.

#6 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

"Àwa gbogbo mọ̀ ọ́n" yẹn ni wọ́n fi ń mú wa. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà rẹ̀ láyé ICD-9, ìwé kóòdù àtijọ́, nígbà tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ 724.2 tí sáyátíkà jẹ́ 724.3.

Ìrora tó dé ẹsẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yà. Àwọn oríkèé kéékèèké tó wà lẹ́yìn ọ̀pá ẹ̀yìn lè máa ro kí ó dé itan. Oríkèé tó so egungun ìdí mọ́ ti ìbàdí lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe sáyátíkà. Tí dókítà bá sì kọ radiculopathy, gbòǹgbò nọ́ọ̀fù ló ń sọ, M54.16 ni, tàbí M54.17 tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ìbàdí ti pàdé egungun ìdí. Tí ó bá tún wá sọ pé dísìkì ló ń tẹ gbòǹgbò nọ́ọ̀fù náà, M54.1 ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nìyẹn, M51.16 tàbí M51.17 ló máa wọlé. Ẹ wò ó: ọkùnrin kan, ẹ̀yìn kan, ẹsẹ̀ kan. Kóòdù ti di márùn-ún, gbólóhùn kan láti ọwọ́ dókítà ló sì máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bi í. Àmọ́ má kọ "Ṣé sáyátíkà ni sà?" sí i, o ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nìyẹn. Tọ́ka sí ohun tó kọ, kí o wá to àwọn ọ̀nà tó ṣeé gbà síwájú rẹ̀: sáyátíkà, radiculopathy, ìrora ẹsẹ̀ lásán, òmíràn, tàbí kò ṣeé sọ. Jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Tí kò bá dáhùn títí Ọjọ́rú, M54.50 àti M79.605 ni kí o kọ: ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro ó, ẹsẹ̀ òsì ń ro ó. Kò sí ẹni tó máa mú ọ lórí ìyẹn.

#7 Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò kọ kóòdù, wọ́ọ̀dù ni mo wà. Ẹni tí Google bá gbé wá síbí torí pé ẹ̀yìn ń dùn ún ni mò ń bá sọ̀rọ̀: tí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, tí ìtọ̀ sì kọ̀ tí kò jáde, tàbí o ò mọ̀gbà tó ń jáde mọ́, tàbí abẹ́ rẹ àti ìdí tí o fi ń jókòó ti kú tipiri, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, má dúró de ìdáhùn kankan lójú òpó yìí. Pàjáwìrì ni kí o gbà lọ, lóru yẹn náà. Cauda equina là ń pè é. Tí wọn ò bá tètè ṣí nọ́ọ̀fù yẹn sílẹ̀, ẹlòmíì kì í lè dá tọ̀ mọ́ títí ayé.

Ó dá mi lójú pé ẹ̀yin náà ní kóòdù tirẹ̀.

Ẹ̀rín sì pa mí pé M54.5 ti kú lọ́dọ̀ yín. Ó wà láàyè ní London o. Ìwé ICD-10 ti àjọ WHO ni ọsibítù wa ń lò, àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ò sí níbẹ̀. Àwọn GP, dókítà àdúgbò, ò tiẹ̀ lò ó rárá, SNOMED CT, ètò kóòdù mìíràn, ni wọ́n ń tẹ̀.

#8 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

G83.4, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

#9 Akọ́ṣẹ́_Baltimore

Mo ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí dókítà bí ẹ ṣe là á sílẹ̀, mà. Ẹ ṣé púpọ̀. Ti ìyá ẹni ọdún 68 yẹn ńkọ́? Dísìkì wọn dá dókítà lójú, MRI wà níbẹ̀. Kí ló tún fà á?

#10 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

Ìwé àyálò rẹ ló pa ọ́. M51.36 dáa títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti ń bèèrè nọ́ńbà kan sí i. M51.360 tó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ni dísìkì náà ń mú ro, M51.361 tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan, M51.362 tó bá jẹ́ méjèèjì, M51.369 tí ìwé ò bá dárúkọ ìrora kankan. M51.362 ni ti ìyá yẹn. O ò sì gbọdọ̀ wá fi M54.50 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ torí pé ọwọ́ ń yún ọ. Ìrora ti wà nínú kóòdù náà.

Máa wo nọ́ńbà egungun dáadáa. L4-L5 ṣì wà ní lumbar, ìbàdí. Tó bá jẹ́ L5-S1, ó ti bọ́ sí lumbosacral, M51.37 ni, òun náà sì gba ìrù kan náà ní 2024: 370, 371, 372, 379. Ìlà kan péré ló wà láàárín wọn nínú ìwé MRI, ibẹ̀ sì ni ojú ti máa ń fò ó.

Kí o tó ti fáìlì ìyá náà, wò ó bóyá dókítà mẹ́nu ba stenosis, ihò ọ̀pá ẹ̀yìn tó há. Ní ọjọ́ orí wọn, ó wọ́pọ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀. Tí a bá jọ lọ ra nǹkan, tó bá nàró rìn láti ibi tí mo gbé mọ́tò sí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á ní ẹsẹ̀ ti wúwo, ó ń ta òun. Bó bá ti lè fara lé kẹ̀kẹ́ ọjà báyìí, tó tẹ̀ síwájú díẹ̀, á rìn yí ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀mejì, á tún máa bá àwọn ọlọ́jà ná owó tí wọn ò ní dín. Neurogenic claudication nìyẹn. Láti oṣù kẹwàá 2017 ni M48.06 ti pín sí méjì: M48.062 tó bá ní ìrìn yẹn, M48.061 tí kò bá ní. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọdọ̀ kọ ọ́ o. Kí o rí kẹ̀kẹ́ ọjà nínú ìtàn aláìsàn kò tó.

#11 Ìyá_Ìbejì_Dallas

Ẹ kú iléé. Mi ò mọ kóòdù o, caregiver ni mí, ti obìnrin kẹta yẹn ló fà mí wọlé. Ohun tó ṣe mí gẹ́lẹ́ ni. Bàbá tí mò ń tọ́jú sanra, ẹni tó yẹ kí a jọ gbé e kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo na ọwọ́ sábẹ́ abíyá wọn, mo ní ká ka "one, two," kí n tó dé "three", ẹ̀yìn mi dún kà! Mi ò lè nàró, mi ò lè jókòó. Bàbá náà ló wá ń bẹ̀ mí.

Ilé ìwòsàn tí mo lọ kọ "low back pain" nìkan. Nígbà tí mo gbé ìwé dé iwájú àwọn tó yẹ kó sanwó, wọ́n ní kò sí ohun tó fi hàn pé ibi iṣẹ́ ni mo ti fara pa. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kóòdù lè sọ ọ́?

#12 OníBíllì_Atlanta

Màmá ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí gba orúkọ mi padà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

Kóòdù lè sọ ọ́ débi tó yani lẹ́nu. Iṣan ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó fà jẹ́ S39.012A. Tó bá jẹ́ okùn egungun ló fà, tí dókítà kọ "sprain", S33.5XXA ni. X méjì yẹn kì í ṣe àṣìtẹ̀, ààyè ni wọ́n ń dì mú kí lẹ́tà tó kẹ́yìn lè wà ní ipò keje.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó kàn yín, mà. X50.0XXA sọ pé ẹrù tàbí agbára tó pọ̀ jù ló fa ìpalára náà. Y99.0 sọ pé iṣẹ́ owó ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Y93.F2 wá sọ pé ẹ ń tọ́jú ẹnì kan, pé ẹ ń gbé e sókè ni. Gbígbé nìkan ni F2 o. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ń wẹ̀ fún un, Y93.F1 ni. Ẹni tó kọ ìwé yìí ti ṣe iṣẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà rí, èmi ò gbà pé kò ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ rí dókítà lórí ọ̀rọ̀ náà nìkan ni wọ́n ń kọ Y93 àti Y99, wọn kì í tún un kọ.

Àmọ́ ìwé dókítà ló máa kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ kàn ní "ẹ̀yìn ń dùn mí", ohun tí wọ́n máa kọ náà nìyẹn. Ẹ sọ pé: mo ń gbé aláìsàn, níbi iṣẹ́, lọ́jọ́ báyìí. Òfin HIPAA, òfin Amẹ́ríkà lórí fáìlì aláìsàn, gbà yín láyè láti kọ̀wé bèèrè pé kí wọ́n ṣàtúnṣe fáìlì yín, wọ́n sì ní ọjọ́ 60 láti dá yín lóhùn.

Akọ́ṣẹ́, má jẹ́ kí A yẹn tàn ọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn wá ló dúró fún. Rárá o. Tí ìtọ́jú gan-an bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, A ni, ìbáà jẹ́ ìgbà kẹrin. Nígbà tó bá ku kí ara padà bọ̀ sípò, tí wọ́n ń ṣe physio, ó di D. Tó bá ti san tán tó wá fi ìrora tí kì í lọ sílẹ̀, S ni, ìrora náà ni o sì máa kọ́kọ́ kọ: G89.21, kí S39.012S tó tẹ̀ lé e.

#13 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

Mo dá orúkọ rẹ padà.

#14 Ògbufọ̀_Chicago

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ Yorùbá fún àwọn dókítà lórí fóònù àti fídíò.

Màmá kan, ẹni ọdún 71, ọmọ wọn mú wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n wá bá wọn tọ́mọ. Dókítà bi wọ́n ní kí ló ń ṣe wọ́n. Màmá ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, gbogbo oúnjẹ wọn ló ní ṣúgà." Ògbufọ̀ tó ṣáájú mi ti túmọ̀ rẹ̀ sí "hemorrhoids", bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ nìyẹn. K64.9 ti wọ fáìlì. Wọ́n ti fún màmá ní ìpara ìdí, màmá fi ń para láràárọ̀ fún oṣù méjì, ẹ̀yìn ò sì yéé ro.

Nígbà tó kàn mí, mo ní kí dókítà jẹ́ kí n bèèrè nǹkan kan. Mo ní, "Mà, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn yín kí àwọn dókítà rí i." Màmá yíjú padà lórí àga. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, àtàǹpàkò síwájú, bí aboyún tó ń bọ̀ láti ọjà. Ọwọ́ wọn ò tiẹ̀ sún mọ́ ìdí.

Ẹ̀yin tó dàgbà nílé mọ ohun tí mò ń wí. Alágbo ìdí mọ́tò tó ń ta jẹ̀dí ló ń ta ọ̀pá ẹ̀yìn, orí àtẹ kan náà ni ìgò méjèèjì wà, ẹlòmíì tiẹ̀ ń pò wọ́n pọ̀ mu. Jẹ̀díjẹ̀dí lẹ́nu wa lè jẹ́ ìdí yíyọ, ó lè jẹ́ inú rírun, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ríro. Làkúrègbé náà kò yàtọ̀: orúnkún, ìbàdí, èjìká, gbogbo ẹ̀ ni. Kóòdù ò lè péye ju ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu aláìsàn lọ.

#15 Rẹ́kọ́ọ̀dù_Ìbàdàn

Ẹ kú àárò wa níbẹ̀ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi lórí ti ìpara ìdí yẹn.

Ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo wà nílé níbí. Tiwa ò mówó wá bíi tiyín, ìṣirò àìsàn là ń fi kóòdù ṣe, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í dá tiwa padà. Àbùkù rẹ̀ náà nìyẹn. Tí mo bá kọ M54.9, "ẹ̀yìn ríro, a ò mọ irú ẹ̀," sórí fáìlì ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó máa pè mí.

Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n ni ti ọmọ kékeré kan, ọdún mọ́kànlá. Fáìlì rẹ̀ dé tábìlì mi lẹ́ẹ̀mẹta, M54.9 ni mo kọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà kẹrin, X-ray wà nínú rẹ̀: ikọ́ ife ti wọ egungun ọ̀pá ẹ̀yìn, egungun ti ń rún, ẹ̀yìn ọmọ náà ti ń yọ gọ̀ǹgọ̀. Dókítà Percivall Pott ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní England ní ọdún 1779, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ẹ rántí àwọn abuké tí a mọ̀ ní kékeré tí wọ́n ní ẹbọra ló gbá wọn lẹ́yìn. Ikọ́ ife ló ṣe iké sí àwọn mìíràn nínú wọn lẹ́yìn.

Nínú ìwé WHO tí à ń lò, kóòdù méjì ló ń gbà: A18.0 tó ní àmì ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ń sọ ohun tó fà á, àti M49.0 tó ní àmì ìràwọ̀, èyí tó ń sọ ibi tó wà. Ọ̀bẹ ló máa ń ṣáájú. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ti sọ tiyín di ẹyọ kan.

#16 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

A18.01, ó parí. A ò lo ọ̀bẹ, a ò lo ìràwọ̀.

ICD-11 ń bọ̀ wá bá gbogbo wa ṣá. WHO ti ṣí i sílẹ̀ fún lílò láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022, Amẹ́ríkà ò tíì bọ́ sínú rẹ̀. Nínú tuntun yẹn, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ti kúrò nílé M, ME84.2 ló ń jẹ́.

#17 BàbáÀbíkẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, òbí lásán ni mí. Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde, SS ni. Ẹ̀yìn ni kírísì tirẹ̀ máa ń mú, á dojú bolẹ̀ máa ké. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn a gbé e lọ sí pàjáwìrì, wọ́n fún un ní omi àti oògùn ìrora, ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀. Ìwé tí ìnṣọ́ránsì fi ránṣẹ́ wá sọ pé M54.50, pé ẹ̀yìn ríro ò nílò gbogbo ìtọ́jú yẹn. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè bọ̀, orí mi ń gbóná.

#18 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà.

Bó bá ṣe rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, D57.00 ló yẹ kó wà níwájú: SS pẹ̀lú kírísì. Ìrora kírísì wà nínú kóòdù yẹn, ẹ̀yìn ni o, ẹsẹ̀ ni o. Ẹ pe ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ dókítà ti òru yẹn, kí ẹ kà á fúnra yín. Tí dókítà bá ti kọ "sickle cell crisis" síbẹ̀, akọ-kóòdù ló ṣì í, ẹ ní kí wọ́n tún claim náà fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ "back pain" nìkan ni dókítà kọ, dókítà ló máa kọ́kọ́ fi àfikún síbẹ̀. Ẹ má sanwó kankan ná.

#19 ẸniTóŃKọjáLọ

Ìbéèrè kékeré. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe billing ní M54.51 ni kí n máa kọ torí pé òun ló ń yára gbowó. Ṣé òótọ́ ni?

#20 Ẹ̀gbọ́nKóòdù_Houston

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó wá lọ́yà.

M54.51 kì í ṣe M54.50 tó wọ aṣọ ọdún. Ó ń sọ pé àwo egungun tó dojú kọ dísìkì ló bàjẹ́ tó sì ń ro. Àwọn dókítà tó ń kọ ọ́ máa ń wo MRI fún àyípadà inú egungun tí wọ́n ń pè ní Modic, oríṣi kìíní tàbí ìkejì. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi iná jó nọ́ọ̀fù inú egungun yẹn, 64628 ni kóòdù rẹ̀ fún egungun méjì àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹni tó bá rí M54.51 rẹ lórí claim á retí gbogbo ìyẹn nínú fáìlì. Tó bá ṣí i tó wá bá "pt c/o LBP, advised Tylenol" (ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro ó, mo ní kó lo Tylenol), tí claim irú rẹ̀ sì jẹ́ igba tí o fi ránṣẹ́ sí Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba, False Claims Act, òfin tó de ẹni tó ń fi claim irọ́ gbowó ìjọba, ni wọ́n á fi bá ọ sọ̀rọ̀, ìjọba àpapọ̀ ló sì máa bá ọ sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

#21 ẸniTóŃKọjáLọ

Mo ti gbọ́, mà. Mo ń kọjá lọ.

#22 Akọ́ṣẹ́_Baltimore

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà dé.

Dókítà dáhùn láàárọ̀ yìí, ó fi àfikún sí ìwé awakọ̀: "left-sided sciatica", disc ò tíì dá a lójú, MRI ń bọ̀. M54.42 ni mo kọ, òun nìkan. Ìyá ẹni ọdún 68, M51.362, kò sí stenosis nínú ìwé wọn. Caregiver yẹn, S39.012A, X50.0XXA, Y93.F2, Y99.0. Nígbà tí ọ̀gá mi rí Y93.F2, ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, ó ní òun ò mọ̀ pé ó wà.

Mo sì rí ibi tí omi ti ń wọlé. Kì í ṣe ìwé àyálò mi nìkan. Nínú kọ̀ǹpútà dókítà, ó ní àwọn kóòdù tó fi pamọ́ tó máa ń tẹ̀ kíákíá, M54.5 ló wà lókè pátápátá, M51.36 ló tẹ̀ lé e. Láti ọdún wo ni mi ò mọ̀. Ó ti gbà kí n yọ wọ́n.

#23 OníBíllì_Atlanta

Ó káre. Wo ìsàlẹ̀ àtẹ yẹn dáadáa, ṣé M51.37 ò sí níbẹ̀?

#24 Akọ́ṣẹ́_Baltimore

Ó wà níbẹ̀ o. Mo ń pa á rẹ́ lọ́wọ́.